Edé Pupa Lórí Máàpù

Láyé ọjọ́un, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya gbogbo nǹkan, Bàbá Ìbejì ayàwòrán rí iṣẹ́ ńlá kan gbà: kó ya máàpù Áfíríkà sára ògiri ilé-ìwé tó kọjú sí títì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ àti pátákó onígbàjámọ̀ ló ti ń yà bọ̀. Bí ògiri yìí bá dára, gbogbo ìlú á rí i. Bí wọ́n bá fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́, gbogbo ìlú á rí ìyẹn náà.

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Orílẹ̀-èdè tó bá ti mọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, á ya ìtumọ̀ náà sórí rẹ̀. Ó dé Kamẹrúùn, ó ya edé kan gbàǹgbà, ó tóbi bí ọmọ ọwọ́, ó pọ́n fòò.

Àfi bí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, obìnrin tí ojú rẹ̀ nìkan tó lé ọmọ wọ kíláàsì, ṣe dúró sẹ́sẹ̀ àkàbà.

"Bàbá Ìbejì, kí lèyí?"

Bàbá Ìbejì bojú wolẹ̀ látorí àkàbà. "Edé ni, Mà. Àwọn atukọ̀ Potogí ló dé ẹnu odò ibẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n rí edé tó pọ̀ lọ jàra. Ni wọ́n bá pe odò náà ní Odò Edé lédè tiwọn. Ibẹ̀ lorúkọ ọ̀hún ti wá. Mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín o!"

"Ta ló bi yín níyẹn? Ìtàn kọ́ ni mo ti ń kọ́ ọmọ látọdúnmọ́dún? Àwọn tó ń gbé etí odò náà sì ti ní orúkọ tí wọ́n ń pè é kí àlejò tó dé. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló bá wọn se edé sínú odò?"

"Ẹ ní kí ni, Mà?"

"Apẹja ló bí mi. Inú ìkòkò ni edé ti ń pọ́n! Níbo lẹ ti rí tiyín?"

"Nínú ọbẹ̀ ìyàwó mi," ló fohùn jẹ́jẹ́ wí.

Ọ̀gá àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà. "Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ bá mi di àkàbà mú."

Ó po ọ̀dà dúdú mọ́ funfun, ó bomi là á, ó sì ya edé tó dà bíi pé omi gan-an ni wọ́n fi mọ ọ́n, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ.

"Mà, ṣé ẹ ò ní pa ògiri náà rẹ́ mọ́?"

"Èyí tí mo ti lọ́wọ́ sí? Èwo ló kàn?"

"Sàró, ìyẹn Sierra Leone, Mà. Òkè Kìnnìún làwọn Potogí yẹn náà pè é."

"Ṣé ẹ ti rí kìnnìún láàyè rí?"

"Rárá, Mà."

Ó na búrọ́ọ̀ṣì sí i. "Èmi náà ò rí i rí. Ẹ yà á bó bá ṣe wù yín."