Páásípọ́ọ̀tù Tó Lọ fún Àdúrà

"Páásípọ́ọ̀tù wo nìyẹn?" Pásítọ̀ Ẹ̀hìndé yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Túnmiṣe, mummy ẹ ò gbé páásípọ́ọ̀tù kankan fún mi o."

Olúwatúnmiṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Newton Heath, nílùú òyìnbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ìyá rẹ̀ ti gba páásípọ́ọ̀tù náà lọ́wọ́ rẹ̀, pé kí Pásítọ̀ gbàdúrà lé e, bí gbogbo ará ìjọ ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó rìnrìn àjò. Ìrọ̀lẹ́ òní ni báàlù rẹ̀ máa gbéra lọ sí orílẹ̀-èdè Czech. Ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín kan nílùú kékeré tó ń jẹ́ Most ní kó wá ṣe ìdánwò, bóyá á lè di aṣọ́lé wọn, ẹni tó ń dí rọ́bà líle tí wọ́n ń gbá kó má bàa wọlé.

Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó sọ ìtàn ìlú náà fún un: bí wọ́n ṣe rí èédú lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n wó ilé gbogbo, tí wọ́n wá gbé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan sórí irin bíi ti rélùwéè, tí wọ́n rọra wọ́ ọ lọ síbòmíràn láìfọ́. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ níwájú ìjọ. "Ọlọ́run tó gbé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kọjá," ló wí, "á gbé ọmọ tèmi náà débẹ̀."

Túnmiṣe bá ìyá rẹ̀ nílé ní Levenshulme, tó ń bó ẹ̀wà.

"Mummy, ẹ kú ilé. Pásítọ̀ ní ẹ ò gbé nǹkan kan fún àwọn."

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. "Ṣé o ti jẹun?"

"Mummy."

"Pharmacy ku ọdún kan péré. O wá fẹ́ lọ máa fàyà gba rọ́bà líle nílùú tí wọ́n ti wó. Tí báàlù yẹn bá lọ, wàá bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì, wàá sì padà sí school."

"Ibo ló wà?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fa Bíbélì rẹ̀ mọ́ra, ó ṣí síìpù àpò Bíbélì náà. Inú Sáàmù ni páásípọ́ọ̀tù náà wà.

Túnmiṣe ń wò ó. Ní gbogbo àárọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, Bíbélì yìí ni ìyá rẹ̀ ń gbé lé e lórí, tó ń gbàdúrà ìrìn àjò fún un. Òun náà ń ṣe àmín.

Ó gba páásípọ́ọ̀tù náà. Ó gbé báàgì rẹ̀ wá láti yàrá, ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìyá rẹ̀ nawọ́ sí Bíbélì. Kó tó gbé e dé orí ọmọ rẹ̀, Túnmiṣe ti dìde.

"Ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀, Mummy," ó wí. "Tí mo bá débẹ̀, màá pè yín."