Alamí Kò Ní Panu Mọ́

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà ní ọ́fíìsì wọn ní Ìkòsí, ti Fọláyẹmí nìkan ni kò lọ́rẹ̀ẹ́. Òun ló ń tọ́jú Alamí, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó máa ń ka kóòdù táwọn yòókù bá kọ kí ẹnikẹ́ni tó lò ó, tí yóò sì nàka sí ibi tí àṣìṣe bá wà. Ọdún kẹta rèé tó ti ń tún Alamí ṣe. Bó bá dí ihò kan lónìí, òmíràn a là lọ́la. Ta ló sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ka àléébù rẹ̀ síta?

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Alamí ké ìkìlọ̀ mọ́kànlá lé nígba lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Áàpù tí nọ́ọ̀sì yóò fi máa ṣírò oògùn ọmọdé ni, ilé ìwòsàn tó ni ín sì ń retí rẹ̀ lọ́sàn-án. Ohun kan náà ni gbogbo ìkìlọ̀ ọ̀hún ń sọ: bí nọ́ọ̀sì kò bá kọ kílò ọmọ síbẹ̀ ńkọ́? Bí Alamí bá sì ń kìlọ̀, iṣẹ́ kò ní jáde.

"Aunty Fọláyẹmí, ẹ jọ̀ọ́ now!" Bartholomew, tó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú kóòdù náà, pariwo. "Mo check kílò yẹn kí n tó lò ó. Tool yín ti ya wèrè!"

Ọ̀gá Reuben, tó ni ilé iṣẹ́, jáde sí wọn. "Fọláyẹmí, off rule tó ń kìlọ̀ nípa kílò yẹn. Tó bá di twelve tó ṣì ń pariwo, máa lọ sílé, kó o má padà wá."

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní pa á."

Ẹ̀rù ba Fọláyẹmí, nítorí iṣẹ́ kò sí nígboro, ṣùgbọ́n inú tó ń bí i ju ẹ̀rù lọ. Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó jókòó, ó sì ṣí inú Alamí wò.

Òótọ́ ni Bartholomew sọ. Ó ń yẹ kílò wò lóòótọ́, àmọ́ inú fáìlì tí Ọ̀gá Reuben fúnra rẹ̀ kọ ni àyẹ̀wò náà wà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pè é lò. Kí ló dé tí Alamí kò rí i? Fọláyẹmí wá a títí, ló bá bá ìlà kan tí òun fọwọ́ ara òun kọ ní oṣù àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀: fáìlì Ọ̀gá, má kà á.

Ojú tì í. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ yẹn. Ọ̀wọ̀ ló pè é nígbà náà. Ta ni òun tí ẹ̀rọ òun yóò máa nàka sí Ọ̀gá? Ọ̀wọ̀ yẹn ló fọ́ Alamí lójú, tó fi wá ń fura sí gbogbo ayé.

Ó pa ìlà náà rẹ́, ó ní kí Alamí tún gbogbo rẹ̀ kà. Ìkìlọ̀ mọ́kànlá lé nígba lọ ráúráú. Bartholomew pàtẹ́wọ́. Àfi bí ìkìlọ̀ tuntun kan ṣe yọ, ẹyọ kan péré: fáìlì Ọ̀gá Reuben, ìlà kejìdínlógójì. Bí kílò kò bá sí, Ọ̀gá ń fi ọjọ́ orí ọmọ, ní iye ọdún, díwọ̀n rẹ̀. Bí ọjọ́ orí náà kò bá sí ńkọ́? Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan, kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ kọ síbẹ̀?

"Ta ló kọ eléyìí?" Ọ̀gá béèrè.

"Ẹ̀yin ni, sà. Mo yọ line tí kì í jẹ́ kí Alamí ka fáìlì yín ni."

Ọ̀gá wo aago. "Oya, dá line tó o yọ yẹn padà. Kò yẹ kó máa ka fáìlì tèmi. A máa fix ẹ̀ next week."

Fọláyẹmí dìde níbi tó jókòó sí. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú gbogbo wọn, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Ọ̀gá, orúnkún mi ni ọ̀wọ̀ yín wà, sà. Kò sí nínú Alamí mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi, àmọ́ ìlà kejìdínlógójì kò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ báyìí."

Kò sì dìde títí Ọ̀gá Reuben fi fa àga, tó jókòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìlà náà kọ.