Màmá Wàhábì àti Kọ̀ǹpútà tí Kò Gbẹrù Mọ́

Ní ọdún 1995, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní ní ilé ìwòsàn wa ní Igbó-Ọrà. Àwọn olùwádìí kan láti Ìbàdàn ló fi ta wá lọ́rẹ nígbà tí iṣẹ́ wọn parí. Ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó. Màmá Wàhábì, akọ̀wé wa, ló ń lò ó. Sàrátù lorúkọ rẹ̀, àmọ́ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó kọ́ ẹ̀rọ náà, òun ló sì ń tẹ orúkọ gbogbo ọmọ tí a bá gbẹ̀bí wọn sínú rẹ̀.

Nígbà tí orúkọ pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà kọ̀. Bí a bá ní kó ṣí ìwé orúkọ náà, á máa kùn, á máa kùn, nígbẹ̀yìn á kọ ọ́ sójú pé mẹ́mọ́rì òun kò tó. Búrẹ́mọ̀, àgbẹ̀ kan láti ìlú Tápà nítòsí wa, wá lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ fi sílé ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló padà lọ́wọ́ òfo.

Dókítà Ọlálékan ní ká padà sídìí ìwé ńlá tí a ń fọwọ́ kọ. Èmi náà, tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, sọ pé, "Màmá Wàhábì, ẹ fi nǹkan yìí sílẹ̀. Ó ti gbó."

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ò gbọ́ ohun tó ń wí ni. Kò ní òun ti kú. Ó ní ibi tí òun ń gbé ẹrù lé ti kún."

Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ṣì wà, òyìnbó inú rẹ̀ sì le. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Màmá Wàhábì fi kà á, tòun ti atúmọ̀ èdè, tó ń fi pẹ́ńsùlù fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ló ti rí i pé àyè mẹ́mọ́rì ṣì ṣófo nínú ẹ̀rọ náà, àti pé méjìméjì, irú kan náà, ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Dókítà fọwọ́ sí owó rẹ̀, Màmá Wàhábì sì wọkọ̀ lọ rà á ní Ìbàdàn. Ẹni tó ń tà á fẹ́ kó méjì tí kò bára mu fún un, ó ní kò séwu.

Màmá Wàhábì dá wọn padà títí ó fi gba méjì tó bára mu. "Igbó-Ọrà ni mo ti wá. Bí mo bá rí ìbejì, mo mọ̀ wọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí àwọn aláboyún ti lọ, ó yọ wáyà iná, ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó gbọn eruku inú rẹ̀ dànù. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ náà, torí ìwé ní iná tó wà lára èèyàn lè ba mẹ́mọ́rì jẹ́. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni mẹ́mọ́rì náà, wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ. Ó tì wọ́n wọlé, ó taná sí i.

Ẹ̀rọ ké lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri.

"Ó tán," ni mo wí. Dókítà mi orí, ó jáde.

Màmá Wàhábì ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó paná, ó yọ wáyà, ó jókòó, ó mu omi, ó nu awò ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rọra fi ìka tọ orí pátákó méjèèjì lọ.

"Ẹ wò ó, Nọ́ọ̀sì. Èyí ga ju èkejì lọ. Kò jókòó dáadáa."

Ó yọ ọ́, ó fi í sáyè rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, ó tì í títí ó fi dún kẹ́. Ó tún taná. Òǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú ẹ̀rọ. Ó dé ibi tó máa ń dúró sí, ó kọjá á, ó di ìlọ́po méjì. Ìwé orúkọ ṣí, láti ọmọ àkọ́kọ́ títí dé èyí tí a gbẹ̀bí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé ọjọ́ ìbí tí Búrẹ́mọ̀ ń wá ti wà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tó ń lọ sí Tápà.

Mo kúnlẹ̀ kí i. N ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

"Ẹ dìde jàre," ló wí, "ẹ bá mi pe Dókítà kó wá wò ó."

Oṣù náà ò tíì parí tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lánlátẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i pé kọ̀ǹpútà àwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí i lẹ́nu géètì, lẹ́yìn ọ̀kadà, tó so gèlè mọ́ àgbọ̀n, tó gbé báàgì tó kó mẹ́mọ́rì méjì sí lé itan, tó ń sọ fún ọlọ́kadà pé, "Rọra o, ọmọ mi. Má gba orí gegele kankan."