Òkúta Abẹ́ Àgbá Omi

Ẹ̀gbọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ kúrò nínú kòtò nígbà tí àbúrò rẹ̀ kọjú sí ìyàwó tirẹ̀.

"Wò ó! Ibi tí o to òkúta sí nìyí. Ibẹ̀ gan-an lomi gbà kọjá."

Ìyàwó ba sórí ebè, ó ń fọwọ́ wá irúgbìn tó bá ṣẹ́ kù.

Ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Oko ẹ̀gbọ́n wà lókè, ti àbúrò wà nísàlẹ̀. Òjò kì í pọ̀ níbẹ̀, bó bá sì dé, eré ni omi rẹ̀ máa ń sá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi to òkúta pẹlẹbẹ sáàárín oko méjèèjì ní ìlà gbọọrọ, kí omi lè dúró, kí ilẹ̀ lè rí i mu. Ìyàwó àbúrò nìkan ló tò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lánàá. Omi já ìlà náà láàárín. Ó gbá ilẹ̀ dúdú lọ, ó gbá pòròpórò tí wọ́n fi bo ebè, ó gbá ọkà bàbà tí wọ́n ti gbìn sínú eruku de òjò.

Ẹ̀gbọ́n mọ ohun tó fà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti bárò wá, ó yọ òkúta díẹ̀ nínú ìlà náà láti fi gbé àgbá omi rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Òkúta ibẹ̀ tẹ́jú, kò sì jìnnà. Ó ní òun yóò fi òmíràn dí i kí òjò tó dé. Òjò ò dúró dè é.

"Mo ní kí o tò ó ṣinṣin," àbúrò ń bá a lọ. "Ìwọ ń tò ó bí ẹni tó ń to àwo sórí tábìlì."

"Àwo tí mo tò, ṣé ó jábọ́ rí? Ẹ̀yin lẹ máa ń fọ́ ọ."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀ tí mo fún ẹ nísàlẹ̀, tí o fi ń gbin ẹ̀wà, mo gbà á padà. Ẹni tí ò lè to òkúta, kí ló fẹ́ filẹ̀ ṣe?"

Ọwọ́ ìyàwó dúró nínú ẹrẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n la ẹnu. "Ó tó, àbúrò mi," ló rí sọ.

"Ẹ má gbè é, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ tiẹ̀ ṣeun tí ẹ wá bá wa ṣe é."

Ọpẹ́ náà dùn ún ju èébú lọ.

"Kí la máa wá fi dí i?" àbúrò bèèrè.

Ìyàwó dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. Ó wo ẹ̀gbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà. "Òkúta ò lẹ́sẹ̀, Bàbá. Ibi tí wọ́n bá gbé e sí náà ló máa wà."

Ẹ̀gbọ́n rántí pé ìyàwó àbúrò òun wá bu omi nílé òun láàárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá. Ó rí òkúta tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò, kò sì sọ fún ọkọ rẹ̀.

Ó fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó gba ilé lọ.

Omi òjò kún àgbá dé ẹnu. Kò ṣe é gbé. Ó tì í ṣubú. Omi ṣàn ká àgbàlá.

"Bàálé ilé, ṣé kò sí o?" Ìyàwó tirẹ̀ sáré jáde láti ilé ìdáná. "Kí la fẹ́ máa mu?"

"Òkúta olókùúta ló wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó kó wọn sínú bárò, ó tì í padà sóko, ó dà wọ́n síwájú àbúrò rẹ̀.

"Èmi ni mo yọ wọ́n."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi. Ìyàwó tò ó dáadáa. Èmi ló yẹ kí o bú."

Àbúrò wo òkúta títí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ta lẹ máa gbà gbọ́, èmi àbí ẹ̀gbọ́n yín?"

Àbúrò gbé òkúta kan, ó nà án sí i. "Gbà, máa tò ó. Ilẹ̀ ẹ̀wà rẹ ṣì ni."

"Ṣé kí n tò ó bí àwo?"

"Bí àwo."

Àwọn méjèèjì to ìlà náà tán. Kò sẹ́ni tó na òkúta sí ẹ̀gbọ́n.

Irúgbìn ẹ̀gbọ́n ni wọ́n fi tún oko gbìn. Nígbà ìkórè, ọkà ga dé èjìká. Níbi tí omi gbà kọjá, ilẹ̀ pupa líle ló kù. Nǹkan kan ò hù níbẹ̀.