Fèrèsé Yàrá Keje

Aago méjì ọ̀sán ti lù. Bíríkìlà àgbà jókòó lórí àga gbọọrọ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ń dúró de àwòrán ilé ìwòsàn tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ku kí ayàwòrán-ilé tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Rúlà fọwọ́ sí i. Bàbá Rúlà kò fọwọ́ sí i; ó ní nǹkan kan kù, òun kò sì tíì mọ ohun tó jẹ́.

"Dádì, ẹ jẹ́ n yọ Mọ́mì kúrò nínú àwòrán yìí," ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wí. Òun náà ń ya ilé. Wọ́n jọ ń lo ọ́fíìsì kan náà ni. "Kọ̀ǹpútà tuntun yìí ní èèyàn tirẹ̀: gíga, kúkúrú, ọmọdé, arúgbó. Kò nílò ìwọ̀n Mọ́mì mọ́."

Lọ́dún tí Bàbá Rúlà gbé ìyá ọmọ yìí níyàwó, ó ní kó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì fi téèpù wọ̀n ọ́n: èjìká, ìgbúnwọ́, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè nà dé.

"Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán fún mi ni?"

"Ilé ni."

"Ilé wo ló ní apá?"

Láti ìgbà náà, kò ya ilé kan tí ìyàwó rẹ̀ kò dúró nínú rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó kó ìwọ̀n náà sínú rẹ̀, obìnrin náà sì di àwòrán aláwọ̀ eérú, kò lójú, kò nímú, ó kàn máa ń dúró létí fèrèsé. Ìgbúnwọ́ rẹ̀ ló ń sọ ibi tí fèrèsé yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onílé a máa ní ilé Bàbá Rúlà ń tu èèyàn lára. Wọn kò mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pé oṣù méje báyìí tí obìnrin náà ti kú.

"Fi ìyá rẹ sílẹ̀ níbẹ̀," ni Bàbá Rúlà wí.

"Tí a bá ń dúró báyìí," bíríkìlà dá sí i, "ara àwọn aláìsàn á ti yá kí ilé ìwòsàn tó parí o."

Ọmọ náà gbé awò dúdú ńlá fún bàbá rẹ̀, èyí tí èèyàn ń fi sójú láti rìn nínú ilé tí a kò tíì kọ́. "Ẹ tún wọlé lọ wò ó."

Ọ́fíìsì pòórá. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn bí omi tí a rọra dà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún. Ó fi ìka fa oòrùn inú àwòrán náà, oòrùn sì ń tẹ̀ lé e láti ilẹ̀kùn kan dé èkejì. Ní yàrá keje, ìyàwó rẹ̀ gbé ìgbúnwọ́ lé ojú fèrèsé, ó ń wo àwọn igi tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbìn. Bàbá Rúlà dúró tì í fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló rí bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ìyàwó rẹ̀ fi dùbúlẹ̀ lórí irú rẹ̀ kó tó kú. Lójoojúmọ́ ló ń béèrè pé, "Kí ló ń lọ níta?" Òun a dúró létí fèrèsé, a máa ròyìn: obìnrin kan ń sá aṣọ, ajá funfun kan ń kọjá, òjò ṣú. Ó rò pé ohùn òun ni ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbọ́.

Ó ṣí awò kúrò lójú.

"Bíríkìlà, dìde lórí àga yẹn."

"Kí ni mo ṣe, sà?"

"Mo fẹ́ dùbúlẹ̀."

"Ha! Èmi tí mo ti ń dúró látàárọ̀ ò tíì sùn!"

Bàbá Rúlà nà gbalaja tòun ti táì lọ́rùn. "Gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì yàrá keje," ó sọ fún ọmọ rẹ̀, ó sì tún fi awò sójú.

Kò sí igi. Kò sí ẹni tó ń kọjá. Ògiri ni, lẹ́yìn ògiri, àjà. Ó fa oòrùn láti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́, kò kan ojú rẹ̀ rárá.

Nígbà tó jókòó, ó nu awò náà pẹ́, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

"Mi ò wọ̀n ọ́n ní ìdùbúlẹ̀ rí," ó wí. Bíríkìlà wo ilẹ̀. "Má yọ ìyá rẹ. Tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì."

Ọmọ náà tẹ́ ẹ, jẹ́jẹ́.

"Wá máa fa ojú fèrèsé wá sísàlẹ̀."

"Ó tó, Dádì?"

"Ó kù."

Ó ń fà á, títí àwọn igi fi sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tó yẹ kí ojú ìyá rẹ̀ wà.

"Ibẹ̀ yẹn."

"Gbogbo yàrá méjèèjìlá, sà?" ni bíríkìlà béèrè.

"Gbogbo wọn," ni Bàbá Rúlà wí, ó sì na ọwọ́ gba bírò.