Èérún Ìdí Agbada

"Ẹni tó bá fẹ́ ra dòdò, kó tètè sọ̀ kalẹ̀ o," ni Tíṣà Adéọlá wí. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé sì dúró gẹ́lẹ́ síbi tí Maimunah ń gbàdúrà pé kó má dúró sí. Àtẹ dòdò tó wà lójú ọ̀nà Ìkirè kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì, ṣùgbọ́n dírẹ́bà ò ríbi dúró sí, àfi iwájú àtẹ ìyá àgbà Maimunah.

Ìbàdàn ni wọ́n ti ń bọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òǹkàwé ilé-ìwé wọn ní Àpòmù ni wọ́n, wọ́n lọ ra ìwé ìtàn tuntun, tíṣà sì fún oníkálukú ní ọ̀kan. Maimunah yára ki orí bọ inú tirẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń kàwé. Dárasími tí wọ́n jọ jókòó fà á lọ́wọ́.

"Muna, jẹ́ ká lọ. Ebi ń pa mí."

Bó bá ní òun ò lọ, Dárasími á bèèrè ìdí, Dárasími kì í sì í bèèrè nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá lọ ńkọ́? Kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló bá a pinnu, ó bá ara rẹ̀ nílẹ̀ láàárín àwọn tó kù.

Àṣíáwù, tí gbogbo ọlọ́kọ̀ mọ̀ sí Ìyá Onídòdò, jókòó sẹ́yìn agbada rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé, inú rẹ̀ dùn, ó lanu láti pè é. Àsìkò yẹn gan-an ni Dárasími fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́.

"Ìyá yìí ń wò ọ́ o. Ṣé ẹ mọra ni?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n," ni Maimunah wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó mọ ohun tó ń sọ. Ìyá Onídòdò sì gbọ́, torí etí rẹ̀ ò di. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ ò kúrò, àmọ́ ó ti di ẹ̀rín tó máa ń rín sí oníbàárà. Ó ń tà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Maimunah, ó di tirẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù, ó tún mú méjì sí i lórí.

"Gba ènì rẹ, oníbàárà," ló wí. "Àá tún ríra o."

Ẹni tí kì í bá ṣe ará Ìkirè lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Oníbàárà là ń fún ní ènì, kó lè padà wá. Níbo lẹ ti gbọ́ pé èèyàn ń fún ọmọ ara rẹ̀ ní ènì? Ìdí agbada ni tọmọ onídòdò. Bí dòdò ṣe ń dín, èérún rẹ̀ á máa já sínú epo, á mu ata, á mu iyọ̀, á gan díẹ̀díẹ̀, á wá dùn ju dòdò fúnra rẹ̀ lọ. A kì í tà á. Ọmọ ilé ló ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọjà. Láti ìgbà tí Maimunah ti hu eyín, òun nìkan ló ń jẹ èérún ìdí agbada ìyá rẹ̀ àgbà. Kò gba ènì rí láyé rẹ̀. Nígbà tí méjì yẹn bọ́ sínú náílọ́ọ̀nù rẹ̀, ara rẹ̀ tutù.

Dárasími ní tirẹ̀ ń bá a yọ̀. "Wọ́n mà fẹ́ràn rẹ o. Èmi, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí tèmi."

Ẹ má tíì bú ọmọ náà. Èmi náà kọ́kọ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Bàlíkísù, wà ní Èkó, ó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan. Òun ló fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ òun á lọ sílé-ìwé aládàáni tó wà ní Àpòmù, bí òun ò bá tiẹ̀ ra aṣọ tuntun mọ́. Maimunah dé ibẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé, Dárasími fa imú nínú kíláàsì, ó ní ta ló gbé epo jíjóná sínú báàgì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Dárasími ò ní in lọ́kàn láti ṣe é níbi, ohun tó bá ṣáà ti wá sí i lẹ́nu ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ Maimunah lára.

Láti ọjọ́ náà, náílọ́ọ̀nù méjì ló fi ń di aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, kí òórùn epo má baà wọ̀ ọ́. Bó bá ti Àpòmù dé, á kọ́kọ́ wọlé lọ bọ́ ọ, á fa gèlè bo iwájú orí kó tó jáde sójú ọ̀nà lọ ran ìyá rẹ̀ àgbà lọ́wọ́. Wọ́n bi í nípa àwọn òbí rẹ̀, ó ní nọ́ọ̀sì ni ìyá òun. Wọ́n bi í níbi tó ń gbé, ó ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni, lẹ́yìn ọjà Àpòmù. Irọ́ kì í dá rìn, ẹ̀yin náà mọ̀. Irọ́ yẹn náà ló fà á tí bọ́ọ̀sì fi gbé e kọjá ilé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó di Àpòmù, ó juwọ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó dúró kí wọ́n lọ tán, ó wá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sí Ìkirè tó ti kọjá.

Nínú kẹ̀kẹ́ ló ti ṣí ìwé tuntun náà. Ìtàn ọmọ ọdún méjìlá kan ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an, tó filé sílẹ̀ láti lọ wá ara rẹ̀. Kí èèyàn tó ka ìwé náà dé àárín, ọmọ náà ti sọdá òkun. Tíṣà Adéọlá ní irú ìwé báyìí ń ran ọmọ tó ń dàgbà lọ́wọ́ láti mọ ẹni tó jẹ́. Ó ti ní kí oníkálukú kọ ojú ìwé kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ "Èmi Nìyí," wọ́n á kà á sókè lọ́jọ́ Jímọ̀. Maimunah ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá wà níbẹ̀, ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ pòrúùru. Ta ni Muna? Ta ni Maimunah? Ó ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí ìdáhùn kankan níbẹ̀.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ àgbà ti palẹ̀ ọjà mọ́. Maimunah ti múra sílẹ̀ de èébú, ó ti ro ẹ̀bẹ̀ tó máa bẹ̀. Kò sí èébú. Ìyá Onídòdò kí i káàbọ̀, ó bi í bóyá ó ti kírun ìrọ̀lẹ́, ó ní ẹ̀bà wà nínú abọ́. Ohùn rẹ̀ ò le. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò rí bó ṣe ń rí: Maimunah ló ń pè é. Àjíkẹ́ ló máa ń pè é láti kékeré.

"Maimunah, ìwé kí ni wọ́n fún yín?"

"Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, Ìyá Àgbà. Ó ń wá ara rẹ̀."

"Ó sọnù ni?"

"Rárá, kò sọnù."

"Ta ló wá ń wá?"

"Ara rẹ̀ náà ni."

Ìyá àgbà rò ó títí. "Ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nílé, tó lè bá a júwe ni?"

Maimunah ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín. Ṣé ọ̀rọ̀ ìwé ni wọ́n ń sọ, àbí tòun? Ó wo ojú ìyá rẹ̀ àgbà, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Bóyá kò tiẹ̀ gbọ́ mi lójú ọ̀nà, ló ń sọ fún ara rẹ̀. Ariwo ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi tí agbada máa ń wà, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́.

Wọ́n ti fọ agbada náà. Wọ́n fi eérú bó o mọ́ tónítóní, wọ́n dojú ẹ̀ dé sára ògiri.

"Ìyá Àgbà," ló pè. "Èérún mi dà?"

Ìyá Onídòdò ò kúrò níbi tó jókòó sí. "Oníbàárà kì í jẹ èérún," ló wí. "Mo ti fún ọ ní ènì."

Maimunah kúnlẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní kí wọ́n má bínú. Ìyá rẹ̀ àgbà ní òun ò bínú. "O ní o ò mọ̀ mí. Mo ní kí n má bá ọ jiyàn lójú ẹgbẹ́ rẹ, kójú má baà tì ọ́." Ó gbé kẹ́tùrù, ó lọ ṣe àlùwàlá. Ó dun ọmọ náà wọra. Ká ní wọ́n gbá a létí ni, ìyẹn ìbá yé e, ó mọ bí etí gbígbá ṣe ń rí àti bó ṣe ń parí. Èyí tí wọn ò bínú, tí wọn ò sì pè é ní Àjíkẹ́ yìí, kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ bó ṣe máa parí. Kò lè jẹ ènì méjì yẹn. Ibi tó gbé e sí lójú fèrèsé ni èèrà ti jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́rú, wọ́n fọ agbada. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n tún fọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Dárasími ló kọ́kọ́ ka tirẹ̀, ó gùn, ó sì pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Tíṣà wá pe Maimunah. Ó dìde, ó di ìwé rẹ̀ mú.

"Orúkọ mi ni Muna," ló kà. "Ìyá mi jẹ́..."

Ó dúró. Ó wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, síbẹ̀ kò lè pè é. Tíṣà Adéọlá ní kó má bẹ̀rù, kó máa kà á lọ.

"Mà, mi ò lè ka èyí. Ìyá tó ta dòdò fún wa ní Ìkirè, àwọn ló bí ìyá mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé. Ìyá mi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, tíṣà wò ó, ó dákẹ́. Dárasími ló yí ojú sí i.

"O ní o ò mọ̀ wọ́n."

"Mo purọ́ ni."

"Kí ló dé?"

"O ní epo ń rùn nínú báàgì."

Ó hàn lójú Dárasími pé kò rántí. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti gbé sùn fún oṣù mẹ́ta, ẹni tó sọ ọ́ ti gbàgbé ẹ̀ kó tó délé lọ́jọ́ náà. Tíṣà Adéọlá ní kí Maimunah jókòó, kó lọ tún un kọ, kó sì kọ irọ́ náà mọ́ ọn. Ìyẹn nìkan ló wí. Títí agogo fi lù, Dárasími ò sọ nǹkan kan mọ́, ohun tí kò ṣe rí. Maimunah ò mọ̀ bóyá wọ́n á tún jọ jókòó lọ́jọ́ Ajé. Nínú ìwé ìtàn yẹn, ọkàn ọmọ náà fúyẹ́ lẹ́yìn tó sọ òótọ́. Ọkàn tirẹ̀ ò fúyẹ́. Ojú ń tì í, ẹ̀rù ń bà á, ó sì fẹ́ délé.

Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ìkirè, ṣùgbọ́n kò wọlé lọ bọ́ aṣọ. Iwájú àtẹ ló ti sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé tí wọ́n kọ orúkọ Àpòmù gàdàgbà sí láyà. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ àgbà. Ìyá Onídòdò wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Aṣọ yẹn á gbepo o."

"Ẹ jẹ́ kó gbà á, mà."

Ó gbé igbá dòdò, ó bọ́ sẹ́bàá títì. Bọ́ọ̀sì elérò kan tó ń ti Ifẹ̀ bọ̀ dúró. Obìnrin kan yọ orí lójú fèrèsé, ó ná an títí, ó rà, ó tún ní dandan, kí wọ́n fún òun ní ènì. Bí Maimunah ṣe ń mú un fún un, obìnrin náà ń wo aṣọ rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ ilé-ìwé Àpòmù, kí lò ń ṣe níbí? Ta ló ni ọ́?"

Maimunah nawọ́ sẹ́yìn. Kò sọ ọ́ jẹ́jẹ́, gbogbo èrò ọkọ̀ ló gbọ́ ọ.

"Àwọn tó jókòó ti agbada yẹn ló ni mí. Ìyá mi àgbà ni."

Obìnrin náà ní kí Ọlọ́run dá wọn sí fún ara wọn. Ọkọ̀ lọ. Ìyá Onídòdò kó dòdò tó kù nínú epo, ó da epo sínú kòkò, ó sọ agbada kalẹ̀ kúrò lórí iná. Omi wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eérú wà nílẹ̀. Kò fọwọ́ kan èyíkéyìí.

"Àjíkẹ́."

"Mà."

"Wá gbé agbada yìí. Mi ò tíì fọ̀ ọ́."