Ènì Nínú Ife Òògùn

Bí Muideen bá rẹ́rìn-ín, Kabirat kì í rántí iye ike ata tó ti wọ̀n fún oníbàárà mọ́. Bẹ́ẹ̀, alátà tí kò bá rántí ohun tó wọ̀n ní Mile 12, ọjà ti tú mọ́ ọn lórí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí lọmọbìnrin ọ̀hún fẹ́ ṣe? Ojú Muideen dà bí omi Agboyi nígbà tí oòrùn àárọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀: ó ń dán, ó jinlẹ̀, ó sì ń pe èèyàn.

Agboyi náà ni wọ́n bí i sí. Ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnì ló ń wà, ó ń kó èrò wá sí èbúté Ketu, ó ń kó wọn padà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá ra ata fún ìyá ẹ̀, Kabirat wọn ike kan fún un, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e.

"Ènì ẹ nìyẹn."

Ó tún bu òmíràn. Muideen wò ó lójú.

"Èyí ńkọ́?"

"Ènì ènì ni."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ikọ́ ló fẹ́ bà á jẹ́. Ikọ́ gbígbẹ kan mú Muideen, kò jẹ́ kó fojú kan oorun. Ó gba ilé ìwòsàn lọ, dókítà yẹ àyà ẹ̀ wò, ó sì kọ òògùn olómi kan fún un, irú èyí tí wọn kì í tà fún èèyàn láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Ó fún un ní ife oníke kékeré tó bá òògùn náà wá.

"Ife yìí ni kó o máa fi wọ̀n ọ́n. Kò gbọdọ̀ kọjá ìlà yìí. Alẹ́ ni kó o máa lò ó, lẹ́yìn iṣẹ́, torí ó máa ń kun èèyàn lóorun. Má wa ọkọ̀ tó o bá ti mu ún. Má fi ọtí lé e, má fi òògùn oorun lé e. Ó lè má jẹ́ kó o tètè rí ìgbẹ́ yà, nítorí náà, máa mu omi dáadáa. Má sì bun ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀, kódà bóun náà ń wúkọ́."

Kabirat gba ìgò náà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. "Èmi ni màá máa wọ̀n ọ́n fún ẹ. Ta ló mọ nǹkan wọ̀n jù mí lọ?"

Bó ṣe di pé ní ìrọ̀lẹ́, tí Muideen bá ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó máa wá sí ìsọ̀ Kabirat, á mu òògùn ẹ̀, ọkọ̀ Ṣùkúrù ọ̀rẹ́ ẹ̀ á sì gbé e padà sílé bí èrò. Ikọ́ ọ̀hún ti ń fà sẹ́yìn.

Àfi bí ọjọ́ Sunday kan ṣe dé. Ọjọ́ yẹn ni ìyá Kabirat, Alhaja Màríyámọ̀, fẹ́ kọjá sí Agboyi láti lọ wo ibi tí ọmọ ẹ̀ ní òun fẹ́ gbé. Ìsẹ́yìn ni Alhaja ti wá, kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé ẹ̀.

"Omi ò mọ bàbá mi, kò mọ ìyá mi," ló sọ fún Kabirat. "Bí ọmọkùnrin yẹn bá ṣe gbé mi kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa gbé ọ. Tí ọkàn mi ò bá balẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹ̀, kò sí Muideen mọ́."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Muideen wá sí ìsọ̀ nínú kaftáánì funfun, ó ń ta sánsán. Bó ṣe fẹ́ kí Kabirat ni ikọ́ gbé e. Ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Áà! Màámi ò gbọdọ̀ gbọ́ irú ikọ́ yìí o!" Kabirat ti ń ṣí ìgò. "Wọ́n á ní olókùnrùn ni mo fẹ́ fẹ́."

"Alẹ́ ni dókítà wí, olólùfẹ́ mi."

"Ṣé dókítà ló fẹ́ fẹ́ ẹ ni?"

Ó rọ òògùn dé ìlà. Ọwọ́ tó ti fi ènì sí ata látìgbà tó ti dáyé, ṣé ó lè dúró síbẹ̀? Ó fi díẹ̀ lé e. Ó wo ojú Muideen, ìfẹ́ gùn ún, ó tún fi díẹ̀ sí i, títí ife fi kún dé ẹnu. Muideen ò wo ife. Kabirat ló ń wò. Ó gbé e mì.

Nígbà tí Kabirat máa fi mú ìyá ẹ̀ dé èbúté, Muideen ti jókòó sí etí ọkọ̀, orí ẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ń bọ̀ sókè. Ó dìde láti kí Alhaja, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó wo omi, ó wo Alhaja nínú ìborùn funfun. Lẹ́yìn náà ló na okùn ọkọ̀ sí Ṣùkúrù tó dúró nítòsí.

"Mummy, ẹ dákun. Mi ò lè wa ọkọ̀ lónìí."

"Kí ló ṣe ọ́?" Alhaja sún mọ́ ọn, ó gbọ́ òórùn òògùn lẹ́nu ẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn. "Mo gbé! Kodíìnì! Ojú àwọn ọmọ abẹ́ bíríìjì gẹ́lẹ́ rè é! Kabirat, ṣé èyí lo fẹ́ fi hàn mí?"

"Òògùn ikọ́ ni, Mummy. Mo mu ún jù. Ẹ̀bi mi ni."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti nífẹ̀ẹ́ rí, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń gún ọkàn bí ọ̀bẹ. Tí Kabirat bá dákẹ́, ojú tirẹ̀ ò ní tì í, ṣùgbọ́n Muideen ti lọ nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ èbúté.

"Irọ́ ló ń pa, màámi. Dókítà ló kọ òògùn náà fún un. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Mo fi ènì sí i."

Alhaja yíjú sí i. "Ènì kẹ̀? Ṣé ata ni?"

"Alhaja, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ná," Ṣùkúrù ké, "ẹ lè wá bá wa jà tó bá yá!"

Wọ́n kó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Alhaja fúnra ẹ̀ ló jókòó ti Muideen, ó ń gbá a lọ́wọ́.

"Má sùn! Sọ̀rọ̀! Kí lorúkọ ìyá ẹ?"

"Ajarat... ẹja ni wọ́n ń yan."

"O ń gbọ́ tiwọn?"

"Mò ń gbọ́... èmi ni mo ra ata fún wọn."

"Kí lo rí lára ọmọ mi yìí?"

Muideen la ojú kan. "Ènì ẹ̀ ni, Mummy."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Alhaja kó tó rántí pé inú ń bí òun.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà gba ìgò wò, ó bi wọ́n ní ìgbà tó mu ún àti iye tó mu, ó sì bi wọ́n bóyá ó mu ọtí. Wọ́n ní rárá. "Ọpẹ́ ni. Ó sì dáa tẹ́ ẹ ò dúró pé kó sùn kó jí. Òògùn yìí tó bá pọ̀ jù, mímí èèyàn á máa falẹ̀. Oorun lẹ máa pè é, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan ti ṣe." Wọ́n tẹ́ Muideen sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ṣọ́ èémí ẹ̀.

Kabirat ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ń ka bí àyà yẹn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó dùn mọ́ ọn ju orin lọ. Nígbà tí Alhaja kírun àsárì tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú Muideen ti mọ́ kedere.

"Mummy, ẹ má bínú. Mo ti ba ọjọ́ yín jẹ́."

Alhaja tún ìborùn ẹ̀ fà. "Ẹlòmíràn ì bá gbé mi sínú omi nítorí ìtìjú. Ìwọ sọ pé o ò lè wà á. Ìwọ kọ́ lẹ̀rù ẹ ń bà mí." Ó nàka sí Kabirat. "Alátà yìí ni!"

Láti ọjọ́ náà, Kabirat máa ń gbé ife kékeré yẹn ka ibi tó tẹ́jú, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú ẹ̀ á fi bá ìlà dọ́gba. Muideen á ní, "Ènì mi dà?" Òun á ní, "Ó wà nínú ata." Nígbà tí ikọ́ lọ pátápátá, Kabirat kó òògùn tó ṣẹ́ kù padà fún àwọn tó tà á, kò jẹ́ kó wà nílé.

Ní Sunday mìíràn ni wọ́n padà sí èbúté. Muideen ló wà nídìí ẹ́ńjìnì, ojú ẹ̀ dá ṣáká. Alhaja di ọwọ́ ọmọ ẹ̀ mú títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé agbedeméjì omi. Níbẹ̀ ló ti tú u sílẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ ìborùn ẹ̀, apẹja kan juwọ́ sí i, òun náà juwọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ fara kan ilẹ̀ Agboyi, Ìyá Muideen ti dúró tẹ̀rín-tẹ̀rín pẹ̀lú àwo ẹja. Ṣùkúrù na ọwọ́ láti fa Alhaja sókè. Alhaja ò dìde.

"Muideen."

"Mummy?"

"Gbé wa yípo lẹ́ẹ̀kan sí i. Ènì tèmi nìyẹn."